Ọ̀rọ̀ Kan tí N Kò Kà Síta

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé ìròyìn tí mo fò dá lọ́dún 1969. Bàbá mi ló jìyà rẹ̀, n kò sì jẹ́wọ́ fún un títí ó fi kú.

Abúlé wa kò jìnnà sí Àkànrán. Èmi nìkan ni mo ka ìwé mẹ́fà níbẹ̀, "Akọ̀wé" sì ni àwọn àgbà ń pè mí. Bí ẹnikẹ́ni bá ra ìwé ìròyìn bọ̀ láti Ìbàdàn, wọn a gbé àpótí fún mi lábẹ́ igi obì, èmi a sì máa túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fún wọn. Ogun Bìáfúrà ló máa ń kún inú rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ọmọ ogun wa ń ṣẹ́gun. Ìlú tí wọ́n gbà lóṣù yìí, wọn a tún gbà á lóṣù tó ń bọ̀. N kò kà á rí pé ẹnì kan kú níhà tiwa. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti wọṣẹ́ sójà láti 1967, lẹ́tà rẹ̀ ti dá, ìyá mi sì ń sá bùbá rẹ̀ sóòrùn ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́.

"Wọn ò dárúkọ rẹ̀?" ni Bàbá máa ń bi mí.

Ìnáwó ogun wá já lé àgbẹ̀ lọ́rùn. Ìjọba ló ń dá iye tí wọn yóò ra kòkó wa, àwọn náà ló tún ń bu owó orí fún wa. Àwọn àgbẹ̀ ní òkè mẹ́fà, ìyẹn 30 ṣílè, ni agbára àwọn ká. Ní 26 November 1968, wọ́n lọ sí gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn láti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ sì di rògbòdìyàn. Gómìnà Adébáyọ̀ gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayọ̀ọlá kalẹ̀. A rojọ́, a retí. Àwọn agbowó-orí àti ọlọ́pàá la tún rí.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìwé ìròyìn náà pe àwa ará oko ní jàǹdùkú tó fẹ́ da ìlú rú nígbà ogun. Mo gbójú sókè. Bàbá ti na etí, ó mú tábà dání, kò fi sẹ́nu. N kò lè pè é ní jàǹdùkú lójú ara rẹ̀. Mo ní, "Wọ́n ní inú ń bí àwọn àgbẹ̀, ìjọba sì ti ń gbé ọ̀rọ̀ wọn yẹ̀ wò."

"Ẹ ò rí i?" ni Bàbá wí. "Wọ́n ti gbọ́."

Àwọn yòókù sun inú igbó lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá sun ilé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ó jáde, ó na ìwé ìròyìn náà sí ọ̀gá wọn, ó ní, "Ẹ kà á, ọmọ mi, ó wà níbẹ̀." Ọ̀gá náà kà á. Ó wo èmi náà. Igbátí tó fọ́ Bàbá létí òsì, etí náà kò gbọ́ràn mọ́ títí láé. Wọ́n sì mú un lọ.

Ní 16 September, àwọn àgbẹ̀ já ọgbà ẹ̀wọ̀n Àgòdì, wọ́n tú àwọn èèyàn sílẹ̀. Bàbá mi kò sí níbẹ̀. Oṣù October ni Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀, wá sí Àkànrán, tó rí Tàfá Adéoyè, olórí àwọn àgbẹ̀, owó orí sì wálẹ̀ sí £2. Inú ń bí mi dòní olónìí. Ọ̀nà Àkànrán kò jìn sí Ìbàdàn. Kí ló dé tí àwọn aláṣẹ àti àwọn oníròyìn kò fi wá jókòó tì wá kí ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀?

Bàbá padà wálé. Kò gbé àpótí fún mi mọ́. Nígbà tí ogun parí ní 15 January 1970, ó yí etí ọ̀tún sí rédíò aládùúgbò wa, ó gbọ́ ọ tán, ó sì kọjá lára mi wọlé láìbi mí ní nǹkan kan.