Ìhámọ́ra Eléré: Orúkọ Tí A Lè Pe Aṣọ Họ́kì ní Yorùbá

Ojú ìwé Yorùbá tí ìwé ìròyìn wa yìí ní kò pọ̀, nítorí náà n kò ní fi àyè ṣòfò. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni orúkọ aṣọ eré ìdárayá, pàápàá orúkọ ohun tí eléré ń wọ̀ kí ó má baà fara pa. Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Kí ó fi sùúrù kà á dé ìparí.

Ọmọ Adakplamè ni mí, ní agbègbè Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Yorùbá àti Fọ̀n ni à ń gbọ́ láàárín ìlú, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa láti kíláàsì àkọ́kọ́ títí dé yunifásítì. Nígbà tí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù, máyò ni à ń pe ẹ̀wù tí a wọ̀. Kásìkì ni à ń pe ohun tí ẹni tó gun alùpùpù dé sórí. Ní ti èyí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń fi dáàbò bo ojúgun, “protège-tibia” ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, n kò sì rí ọmọ kan tó ní in nínú wa. Páálí ni a máa ń gé, tí a ń kì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti ọdún 1990 ni òfin bọ́ọ̀lù àgbáyé ti sọ ọ́ di dandan. Bí ẹ bá wá kọjá ẹnubodè sí Nàìjíríà, jẹ́sì ni máyò wa, hẹ́míẹ̀tì sì ni kásìkì. Àyálò Faransé wà lọ́wọ́ kan, àyálò Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́wọ́ kejì. Ọmọ ìyá méjì ń wọ aṣọ kan náà, wọn kò lè jọ pe orúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí tún le sí i lójú mi nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Montréal, ní Kánádà, fi àwòrán ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ó ti múra láti lọ gbá họ́kì orí yìnyín. Mo gbé fóònù fún ìyá wa àgbà. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní: “Ta ló ń gbé ọmọ yìí lọ sógun?”

Mo ní: “Ẹ má bínú, Ìyá, eré ló ń lọ ṣe.”

Wọ́n ní: “Irú eré wo ni ọmọdé ń di ìhámọ́ra lọ?”

Ìyá àgbà kò wọ ilé ìwé rí. Inú Bíbélì Yorùbá tí wọ́n ń gbọ́ ní ìjọ ni wọ́n ti mọ ìhámọ́ra, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti mọ àṣíborí, ìgbàyà àti asà. Ọdún 1884 ni odindi Bíbélì náà jáde, èyí tí Àjàyí Crowther ṣe aṣíwájú ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ogun ti wà nílẹ̀ láti ìgbà náà, eré nìkan ni a kò tíì lò ó fún.

Ìbéèrè ìyá àgbà tọ́. Kí ló dé tí eré yóò fi gba ìhámọ́ra? Ohun tí wọ́n ń gbá nínú họ́kì kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Rọ́bà líle pẹlẹbẹ ni, tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7.6, tó nípọn tó 2.5, tó sì lè wúwo tó gíráàmù 170. Bí ọ̀jáfáfá bá fi ọ̀pá gbá a, ó lè sáré ju kìlómítà 160 lọ ní wákàtí kan. Lábẹ́ bàtà olúkúlùkù, irin tó mú bí ọ̀bẹ ló wà. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí àwọn eléré tó gbà láti dáàbò bo ara wọn. Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1959, rọ́bà ba Jacques Plante, aṣọ́lé Montréal, lójú ní New York. Wọ́n rán ojú rẹ̀ tán, ó ní òun kò padà sórí yìnyín àyàfi bí òun bá wọ ìbòjú. Láti ìgbà náà ni ìbòjú ti bẹ̀rẹ̀ sí í di àṣà àwọn aṣọ́lé. Ọdún 1979 ni líìgì NHL tó sọ àṣíborí di dandan, fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé nìkan. Craig MacTavish tó gbá kẹ́yìn láìdé e fẹ̀yìn tì ní ọdún 1997. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, irin bàtà gé Adam Johnson lọ́rùn nínú ìdíje kan ní Sheffield, ó sì kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àjọ họ́kì àgbáyé sọ ààbò ọrùn di dandan nínú àwọn ìdíje rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí iṣẹ́ tiwa. Faransé ń fi ẹ̀yà ara ṣe ìpìlẹ̀, ó sì ń fi àfòmọ́ ìparí kún un: “coude” ló di “coudière”, “épaule” ló di “épaulière”, “jambe” ló di “jambière”. Tiwa yàtọ̀. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ló ń ṣáájú, ọ̀rọ̀-ìṣe á tẹ̀ lé e, ẹ̀yà ara á sì kẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ní ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀wọ́, ìborùn, ìbòjú, ìgbàyà àti ìgbànú. Nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà láàárín yìí, orúkọ náà kì í sọ ibi tí nǹkan wà nìkan, ó tún ń sọ iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀.

Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni mo fi to àwọn wọ̀nyí jọ. Àṣíborí ni ti orí, ìbòjú onírin ni ti iwájú orí. Ìgbàyà ni ti àyà, ìbọ̀wọ́ ni ti ọwọ́. Èyí tó ń dáàbò bo abẹ́ kò gba wàhálà, ìbàǹtẹ́ ni. Bàtà ọlọ́bẹ ni bàtà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò lọ geere níbi gbogbo. Bí a bá ní ìborùn, gèlè èjìká tí àwọn ìyá fi ń lé òtútù ni olùgbọ́ yóò rò. Bí a bá ní ìbojúgun, ìbòjú ni etí yóò kọ́kọ́ gbọ́. Nítorí náà mo yan asà: asà ọrùn, asà ojúgun, asà ìgbúnwọ́. Ọwọ́ ni jagunjagun fi ń gbé asà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ lè fẹ̀ sí i.

Mo ka orúkọ wọ̀nyí fún ìyá àgbà, mo ní kí wọ́n fi ìka kan ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán. Wọ́n ń fi hàn mí lọ títí a fi dé asà ọrùn. Wọ́n wo ọmọ náà lọ́rùn, wọ́n wo bàtà ọlọ́bẹ, wọ́n ní: “Tirẹ̀ dà?” Kò sí lọ́rùn rẹ̀ lóòótọ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ó wà nínú àpò, pé ọmọdé kì í wọ orí yìnyín láìwọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ọkàn ìyá balẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí kò rí yìnyín rí ju èyí tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run lọ ló béèrè ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù. Orúkọ náà ló fún wọn ní ohun tí wọn yóò béèrè.

Ti àwọn òǹwòran ńkọ́? “Chandail” ni wọ́n ń pe ẹ̀wù họ́kì ní Québec. Ìpajẹ ló bí i: “marchand d'ail”, òǹtajà ááyù, ni wọ́n gé kúrú, nítorí ẹ̀wù onírun tí àwọn òǹtajà ọjà Les Halles ní Paris máa ń wọ̀. Nínú ìtàn tí Roch Carrier kọ ní ọdún 1979, ẹ̀wù Toronto ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọmọ kan tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ ti Montréal, ojú sì ti í láàárín wọn. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé gígùn lórí èyí. Ẹgbẹ́jọdá ni. Ní ọdún 2019 tí Bẹ̀nẹ̀ lé Mòrókò jáde nínú Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà, ẹni tó ní máyò wọ̀ ọ́, ẹni tí kò ní wá aṣọ aláwọ̀ ìyeyè. Wọ́n ti yí orúkọ ẹgbẹ́ náà padà láti “Écureuils”, Ọ̀kẹ́rẹ́, sí “Guépards” ní ọdún 2022, síbẹ̀ ẹgbẹ́jọdá ni aṣọ náà.

N kò sọ pé kí a lé máyò tàbí jẹ́sì jáde. Àyálò kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, Faransé pàápàá ń jẹ nínú ẹnu òǹtajà ááyù. Ohun tí mò ń sọ ni pé, ohun tó bá ń gba ẹ̀mí là, ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ yé ẹni tó bí ọmọ, kì í ṣe ẹni tó lọ ilé ìwé nìkan. Ẹ bi àwọn àgbà ìlú yín léèrè, ní Kétu, ní Ṣakí, ní Ìmẹ̀kọ, níbikíbi. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ ránṣẹ́, pẹ̀lú àmì ohùn, kí a tò ó jọ síbí.