Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ẹ ṣì wà láàyè

Ọ̀rọ̀ Dani Shapiro, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ní 2016 ló ṣe àyẹ̀wò DNA, kò fura sí nǹkan kan. Àbájáde fi hàn pé bàbá tó tọ́ ọ dàgbà kọ́ ló bí i: àtọ̀ ọkùnrin mìíràn ni wọ́n lò fún ìyá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Philadelphia. Ọmọ bàbá rẹ̀ tó ń pè ní ẹ̀gbọ́n kò bá a tan rárá. Bàbá ti kú, ìyá náà ti kú. Ta ni yóò wá bi léèrè? Ibẹ̀ ló dùn mí jù. Mo mọ̀ pé ìtìjú àìrọ́mọbí le, pàápàá láyé ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ọmọ ló jogún àṣírí náà. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín.