Ta Ni Ó Gbé Adìẹ Náà?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ adìẹ ilé ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí adìẹ kan ṣoṣo lè sọnù kí àlàáfíà àdúgbò sì bá a lọ.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 2022, àgbébọ̀ mẹ́ta ni a wá tì ní agbolé wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Owó ẹyin wọn ni ìyá àwọn ọmọ wa fi ń ra ìwé fún wọn, nítorí náà ọ̀ràn náà kò kéré. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú olè wo ọmọ opó kan tí ó múlé tì wá. A ní kí wọ́n mú sùúrù di òwúrọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí pákó kan tí ó ti jẹrà nísàlẹ̀ ilé adìẹ, ìyẹ́ fọ́n ká títí dé etí igbó, ipasẹ̀ ẹranko sì hàn nínú eruku. Ọdẹ tí a pè wò ó ní ẹtà ni. Olè náà ní ìrù! Pákó tuntun àti ìṣó díẹ̀ ni a fi dí ihò náà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti pe ọmọ opó ní olè ní gbangba, ìṣó wo ni ìbá kan orúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́?

Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, kí a tó fi àbọ̀ bá adìẹ. Àwa fi kún un pé kí a kọ́kọ́ mọ akátá náà. Ọ̀sán ni àwòdì ń rà bàbà, ọmọ adìẹ ni ó sì ń gbé. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó máa ń pọ̀, nítorí bí òjò bá ti gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn a gba ìhà àríwá lọ. Ejò a gbé ẹyin àti òròmọdìẹ mì láìfi ìyẹ́ kan sílẹ̀. Òru ni ti ẹtà. Ìjàlọ a sì máa pa adìẹ tí a sé mọ́lé, nítorí kò rí ibi sá sí.

Nítorí náà, ẹ fi àgò bo ìyá adìẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ títí ìyẹ́ yóò fi hù lára wọn dáadáa. Ẹ kó adìẹ wọlé kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ lo wáyà olójú wẹ́wẹ́, kí ẹ sì ri ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹranko má baà walẹ̀ kọjá. Ẹ ro ẹ̀yìn ilé, ẹ kó ẹyin lójoojúmọ́. Bí ìjàlọ bá ń bọ̀, ẹ wọ́n eérú gbígbóná yí ilé adìẹ ká.

Ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ẹyẹ kan wà tí ó jọ ògòǹgò, emu ni orúkọ rẹ̀. Ó lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6, ìpá rẹ̀ sì le. Síbẹ̀ ajá igbó, idì àti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ a máa pa ọmọ rẹ̀. Akọ ni í sàba lórí ẹyin fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8, òun náà ni í sì ń ṣọ́ àwọn ọmọ fún oṣù púpọ̀. Ẹ̀yin bàbá ilé, ẹ má ṣe fi ilẹ̀kùn ilé adìẹ sílẹ̀ fún obìnrin àti ọmọdé nìkan. Ẹ dìde ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín tì í.