Àwọn Tí A Kò Kà Mọ́ Ara Wa

Nígbà tí Age of Empires III, géèmù ogun àti ìlú kíkọ́ orí kọ̀ǹpútà, wọ ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2021, nínú àfikún tí wọ́n pè ní The African Royals, Haúsá àti Etiópíà ni wọ́n fi jọba. Àwa Yorùbá kò dé orí ìtẹ́. Ìletò ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n fi wá sí, tí ọba ẹlòmíràn lè wá bá dọ́rẹ̀ẹ́. Ó dùn mí díẹ̀, síbẹ̀ n kò yéé gbá géèmù náà.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo sábà máa ń mú, torí pé ilé tí wọ́n bá kọ́ máa ń bí òṣìṣẹ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Màá rán arìnrìn-àjò mi lọ sí ìletò náà, á fi 200 igi kọ́ ilé ìṣòwò síbẹ̀, ọ̀rẹ́ ti wọ̀ nìyẹn. Bí mo bá ti ń sanwó, àwọn ẹlẹ́ṣin Ẹ̀ṣọ́, akọni jagunjagun Yorùbá, á máa jáde wá. Adùn rẹ̀ ni pé gbogbo èèyàn mi, àtoníbọn àtòṣìṣẹ́ oko, kò gbọdọ̀ ju 200 lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í ka ọ̀rẹ́ mọ́ ọn. Ìwọ̀nba ni mo lè ní lẹ́ẹ̀kan náà lóòótọ́, àmọ́ nígbà tí èmi àti ọ̀tá bá ti kún dẹ́nu, ẹṣin wọ̀nyẹn ni mo fi ń jù ú lọ.

N kì í tò wọ́n síwájú o. Oníbọn ló ń dúró gba ìyà níwájú, àwọn Ẹ̀ṣọ́ á gba ẹ̀yìn òkè yípo. Àgbá tí àwọn ọ̀tá bá ti gbé kalẹ̀ láti yìn kì í tètè gbéra. Kí wọ́n tó so ó padà láti fà á lọ, ẹṣin ti dé ọrùn wọn. Ilé ìṣòwò náà gba ìṣọ́, torí bí ọ̀tá bá wó o, ó lè kọ́ tirẹ̀ sójú ibẹ̀ gan-an, kí Ẹ̀ṣọ́ kan náà máa wá pa mí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò kà mọ́ ara wa, ọwọ́ wa yá láti ná an. Bí wọ́n bá kú, ìlú mi kò dín. Lọ́dún 1892 tí Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n, ṣebí ọmọ ogun Haúsá wà lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì, ará Ìbàdàn náà sì wà lẹ́yìn wọn?

Ibi tí géèmù yìí ti parọ́ ni pé ọ̀rẹ́ kì í bínú. Àfọ̀njá ní Ìlọrin, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí àwọn Ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, kẹ̀yìn sí Aláàfin Ọ̀yọ́, ó sì fẹ̀yìn ti Àlímì, àlùfáà Mùsùlùmí, àti àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní jamáà. Ẹrú Haúsá tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn pọ̀ nínú wọn. Wọ́n jà fún un, wọ́n sì mọ̀ ọ́n jà. Nígbà tó fẹ́ kó wọn níjàánu, àwọn náà ló pa á, ọmọ Àlímì sì di ẹ́míà Ìlọrin.

Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo ṣe géèmù náà, ìletò tí wọ́n bá ti fi ọmọ rẹ̀ ṣòfò jù, á lé ẹni tó kọ́lé ìṣòwò síbẹ̀ jáde. Gẹ̀ẹ́sì ò ní fẹ́ràn rẹ̀.