Lẹ́tà láti Ìlú Mẹ́síkò: Orin Tí Wọ́n Ń Kọ Létí Sàréè

Portales, Ìlú Mẹ́síkò,
Ọjọ́ 14, Oṣù Karùn-ún, 2024.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Bàbá ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Ooru ló ń bá wa jà níbí, ṣùgbọ́n òjò kò ní pẹ́ dé mọ́.

Ẹ bi mí nípa orin tó wà nínú fídíò tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ ní ó jọ orin ìfẹ́ létí yín, kí ló wá dé tí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ń sunkún? Orin ìfẹ́ ni lóòótọ́. Amor eterno ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìfẹ́ ayérayé, Juan Gabriel ló sì kọ ọ́. Ẹni tó bá gbé ìlú yìí kò lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ó ń dún nínú micro, bọ́ọ̀sì kékeré wọn tí kò yàtọ̀ sí dáńfó, awakọ̀ á sì máa gbè é. Ṣùgbọ́n létí sàréè ni mo ti mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún ni ọjọ́ Ìyá níbí, ọjọ́ yòówù kó bọ́ sí láàrin ọ̀sẹ̀. Ìwé ìròyìn Excélsior ló pe àwọn èèyàn sí i ní 1922, ó sì ti di ohun ńlá. Ẹni tí ìyá rẹ̀ wà láàyè á háyà àwọn mariachi, wọn á wá kọrin sójú fèrèsé ìyá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti lọ á gba itẹ́ òkú lọ. Ìyá onílé mi ló ní kí n sin òun lọ sí Panteón de Dolores, níbi tí wọ́n sin ìyá tiwọn sí. A gbé korobá, ìgbálẹ̀ àti òdòdó dání. Gbogbo ibẹ̀ kún fọ́fọ́. Bí àwọn kan ṣe ń fọ òkúta sàréè ni àwọn kan ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn, tọmọ tọmọ. Àwọn mariachi ń rìn káàkiri láàrin sàréè, pẹ̀lú fayolíìnì, fèrè, àti gìtá oníkùn ńlá tí wọ́n ń pè ní guitarrón. Ẹni tó bá pè wọ́n á bá wọn ná an, iye kan fún orin kan.

Ìyá onílé mi kò ronú lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dárúkọ Amor eterno. Wọ́n kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú àwọn mariachi náà, omijé ń dà lójú wọn, ohùn kò já. Àwọn tó wà nídìí sàréè kejì dá ìgbálẹ̀ dúró, wọ́n bá wọn gbè é. Kò sẹ́ni tó dì wọ́n mú, kò sẹ́ni tó ní “ó tó, ẹ má sunkún mọ́.” Ìyá wọn sì ti kú tipẹ́, àwọn fúnra wọn ti di ìyá àgbà. Nígbà tí orin parí, wọ́n nu ojú, wọ́n sanwó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nípa Màmá wa tó ti di olóògbé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkùnrin tó kọ ọ́ fún yín. Alberto Aguilera Valadez ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Parácuaro ní ìpínlẹ̀ Michoacán ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 1950, òun sì ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́wàá. Kò tíì gbọ́njú tí wọ́n ti gbé bàbá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn àwọn aláìsàn ọpọlọ ní olú-ìlú. Ìyá rẹ̀, Victoria Valadez, kó àwọn ọmọ, ó forí lé Ciudad Juárez létí ẹnubodè Amẹ́ríkà, ó ń bá àwọn olówó ṣiṣẹ́ ilé. Nígbà tí apá rẹ̀ kò ká a mọ́, ó mú àbíkẹ́yìn yìí lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọ. Ibẹ̀ ni ọmọ náà ti bá Juan Contreras pàdé, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ páànù, tó sì tún kọ́ ọ lórin. Nígbà tó fẹ́ yan orúkọ tí yóò máa fi kọrin, ó mú Juan nítorí olùkọ́ yìí, ó sì mú Gabriel nítorí bàbá rẹ̀.

Ó kọrin nílé ọtí ní Juárez, ó wá wáṣẹ́ orin wá síbí, wọ́n fẹ̀sùn olè kàn án, ó sì pẹ́ lẹ́wọ̀n Lecumberri kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ní 1971 ni orin rẹ̀ kan tó ń jẹ́ No tengo dinero gbòde. Láti ìgbà náà, owó dé, ó sì ra ilé tí ìyá rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ rí ní Juárez. Ẹ wò ó, Àǹtí: ilé tí ìyá ti ń gbálẹ̀ fún ẹlòmíràn! Ìyá náà kú ní ìparí 1974. Àwọn ará ibí gbà pé òun ni Amor eterno ń bá sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ orin náà, kò sí ibi tó ti dárúkọ ìyá. “Ìwọ” nìkan ló ń pe ẹni tó lọ. Ìdí rèé tí opó fi lè kọ ọ́ fún ọkọ, tí bàbá sì lè kọ ọ́ fún ọmọ. Ó dárúkọ Acapulco, ìlú etíkun, pé ìrántí tó ba òun nínú jẹ́ jù lọ, ibẹ̀ ló ti wá. Ó sì ní ibì kan tí kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ yẹn: ẹni tó ń kọrin sọ pé ọkàn òun kò dá òun lẹ́bi, síbẹ̀ òun mọ̀ pé òun ì bá ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún olóògbé. Àǹtí, ọ̀rọ̀ gbogbo ọmọ tó wà lókè òkun nìyẹn. Owó oògùn ń wọlé lóṣooṣù, a ń pè, a ń béèrè bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe wà. Ẹ̀yin lẹ ń fi omi gbígbóná ra ẹsẹ̀ Màmá lálẹ́.

Kì í ṣe Juan Gabriel ló kọ́kọ́ gbé orin náà jáde. Rocío Dúrcal ni, obìnrin ará Madrid, ní 1984. Ohùn rẹ̀ tutù, kò fi agbára fa ẹnikẹ́ni sínú ìbànújẹ́, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Juan Gabriel fúnra rẹ̀ ní Palacio de Bellas Artes, ní oṣù Karùn-ún 1990, ló ga jù. Gbọ̀ngàn òkúta mábù ni ibẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé kan sì bínú pé kí ló gbé olórin ìgboro débi tí wọ́n ti ń ṣe opera. Ó wọlé síbẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Orquesta Sinfónica Nacional, ọmọ ìyá tó ń gbálẹ̀ fún olówó! Mo ti wo fídíò rẹ̀ títí, kò sú mi. Ó jáde láyé lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹjọ 2016 ní California, wọ́n sì gbé eérú rẹ̀ padà wá sí gbọ̀ngàn yẹn kan náà kí àwọn èèyàn lè wá dágbére. Nígbà tí ọkùnrin oníbọn kan pa èèyàn 23 ní El Paso ní 2019, ní òdìkejì odò sí Juárez, Amor eterno ni àwọn mariachi fi ṣọ̀fọ̀ wọn.

Mo ń ro ti ìsìnkú Màmá. Òkú àgbà ni, a sì ṣe é bí ó ti yẹ: aṣọ ẹbí wà, ìlú dún, mo rí i lórí fóònù bí ẹ ti ń jó. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n mo tún gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ fún yín pé kí ẹ gbé e kúrò lọ́kàn, pé Màmá jẹ́ àgbà kí wọ́n tó lọ. Láti ìgbà náà, a kì í dárúkọ wọn mọ́ bí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, bíi pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dárúkọ wọn ni yóò fa ẹkún. Èmi kò fara mọ́ ọn mọ́. Ìyá onílé mi ń kọrin fún tiwọn lọ́dọọdún, iṣẹ́ wọn kò sì dúró.

A kò nílò mariachi. Ìyá Alápó, ọ̀rẹ́ Màmá ní Ìsẹ́yìn, mọ oríkì wọn tìran-tìran. Àwọn ló kì í nígbà tí wọ́n ń gbé yín níyàwó. Wọ́n ti dàgbà gan-an, Àǹtí. Bí ọdún kan bá pé ní oṣù Kẹjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ mú wọn wá sí ìdí sàréè, kí wọ́n ki Màmá láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n dákẹ́. Bí ẹkún bá gbọ̀n yín, ẹ sun ún. Kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi. Màá fi owó ọkọ̀ àti aṣọ Ìyá Alápó ránṣẹ́ ṣáájú.

Ẹ bá mi kí Bàbá àti gbogbo ilé.

Èmi ni àbúrò yín.