Ẹjọ́ Kábúrétọ̀

Àwọn àgbà ní, "Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà." Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni a sábà máa ń pa òwe yìí sí, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí olùkọ́ kan ní Ìlútítun, nílẹ̀ Ìkálẹ̀, fi hàn pé a lè dá irin pàápàá lẹ́bi ohun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Alùpùpù tí olùkọ́ yìí ń gùn lọ sí ẹnu iṣẹ́ jẹ́ ogún bàbá rẹ̀. Honda CG125 ni, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe jáde ní ọdún 1976 fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀nà wọn kò dán. Òun ni bàbá náà fi ń kó epo pupa lọ sí ọjà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Bí ìlú tilẹ̀ ń jẹ́ Títun, alùpùpù náà ti darúgbó.

Àìsàn rẹ̀ kò ṣe é kà sí àìsàn ní òwúrọ̀. Ìtẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ́ńjìnnì a dáhùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti rìn tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, a sì kú sójú ọ̀nà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa dúró de olùkọ́ wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé a sì máa wo aago.

"Kábúrétọ̀ ni," ni ìdájọ́ mẹkáníìkì. Ìdájọ́ náà kò ṣàì ní ìdí. Inú kábúrétọ̀ ni epo bẹtiróòlù àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé kí iná tó ràn wọ́n. Kí wọ́n tó lè jóná tán pọ̀, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ bíi 14.7 ni ó yẹ kí ó bá ìwọ̀n epo 1 lọ. Ihò tín-ín-rín inú jẹ́ẹ̀tì ni ó ń díwọ̀n epo yìí, ìdọ̀tí kékeré sì tó láti dí i. Ojú epo pàápàá kò mọ́ tó: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ẹ̀rù epo búburú sì ba gbogbo ènìyàn.

Nítorí náà, wọ́n tú kábúrétọ̀, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi fọ́nrán wáyà gún ihò jẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì dì í padà. Alùpùpù náà ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tú u. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu epo bí ọ̀mùtí, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọdún 2023 ni èyí, lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí iye owó epo sì ju ìlọ́po méjì lọ. Olùkọ́ náà ti ń ronú láti ta ogún bàbá rẹ̀ fún àwọn tí ń ra irin àlòkù.

Ó fi ìbínú yẹn kọjú sí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ọmọkùnrin kan tí ó ti jókòó ní kíláàsì rẹ̀ rí kí ó tó fi ilé-ìwé sílẹ̀. "Bí o ṣe rí ní kíláàsì náà ni o rí níbí. Ìwọ ni o pààrọ̀ kábúrétọ̀ bàbá mi."

Ọmọ náà dojú bolẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ìgbà wo ló máa ń tètè kú? Ṣé ìgbà tí táǹkì bá kún ni, àbí ìgbà tí epo bá kù díẹ̀?"

Kò sí ẹni tí ó ti bi olùkọ́ ní ìbéèrè yìí rí. Ó ronú, ó ní, "Ìgbà tí ó bá kún."

"Ẹ jẹ́ ká gùn ún títí yóò fi kú, sà. Ẹ má fọwọ́ kan kábúrétọ̀."

Ó kú ní ojú ọ̀nà Òkìtìpupa. Ọmọ náà ṣí ìdérí táǹkì. Afẹ́fẹ́ ya wọlé, ó dún fíì. Ìtẹ̀ kan, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Lábẹ́ ìdérí náà ni ègé ọ̀rá kan wà. Olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó fi í síbẹ̀ ní àkókò òjò, kí omi má baà wọ inú epo.

Ihò kékeré kan wà lára ìdérí táǹkì, tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé láti rọ́pò epo tí ó ti lọ. Nígbà tí ọ̀rá dí i, epo kò lè ṣàn mọ́, abọ́ ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀ sì gbẹ. Bí táǹkì bá kún, àyè afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tó nǹkan, ìdí nìyí tí ó fi ń tètè kú. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń tú kábúrétọ̀, afẹ́fẹ́ ti ń rọra yọ́ wọ inú táǹkì. Ìsinmi ni ó wò ó sàn. Ìwẹ̀ ni ó gba ìyìn. Fọ́nrán wáyà ní tirẹ̀ ti mú kí ihò jẹ́ẹ̀tì fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, epo sì ń dà wọlé jù. Ìtọ́jú ti di àìsàn kejì. Jẹ́ẹ̀tì tuntun tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu ni ó yanjú ìyẹn.

Bí wọ́n ti ń padà bọ̀, ọmọ náà ka àmì fún olùkọ́ rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì tí èédú bò ń sọ pé epo pọ̀ jù. Èyí tí ó funfun ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Èyí tí ó pupa rúsúrúsú ni ara rẹ̀ dá. Bí epo bá ń kán láti ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀, abẹ́rẹ́ tí ń dá epo dúró kò pa ẹnu dé mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé ṣóòkì nìkan ni ẹ́ńjìnnì fi ń dúró, kí a wo ihò epo kékeré, kí a sì wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ń jò wọlé. Ṣùgbọ́n kí a tó tú ohunkóhun, kí a kọ́kọ́ bi ẹni tí ń gùn ún léèrè.

Olùkọ́ náà rántí pé ìbéèrè ni ọmọ yìí máa ń bèèrè ní kíláàsì, àfojúdi ni òun sì máa ń kà á sí. Ó dá alùpùpù dúró.

"Ọmọ mi, má bínú. Èmi ni mo dí ihò náà."