Ohun Tí Mo Yà, Mi Ò Rí I

Ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ rò lónìí.

Ní táàmù tó kọjá, wọ́n ní kí a wo yíìsì ní kíláàsì Báyọ́lọ́jì, kí a sì ya ohun tí a bá rí. Yíìsì ni Bíbélì pè ní ìwúkàrà. Òun ló ń mú búrẹ́dì wú, òun náà ló ń mú ẹmu hó. Maikirosikóòpù kan ṣoṣo ni àwa tó lé ní 40 ń dù. Nígbà tó kàn mí, òbìrí kan tí etí rẹ̀ dúdú ni mo rí. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń pariwo pé, "Ṣé o fẹ́ sùn síbẹ̀ ni?" Mo bá kúrò, mo ṣí ìwé, mo ya àwòrán inú rẹ̀. Mo gba 8 nínú 10. Ọ̀rẹ́ mi ya òbìrí olétí dúdú tó rí. Ó gba 2. Kò bá mi jà, ṣùgbọ́n kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá olùkọ́ wa: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ohun tí mo yà, mi ò rí i." Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní kí èmi àti ọ̀rẹ́ mi dúró lẹ́yìn ìparí iléèwé lọ́jọ́ kejì, kí n sì mú ẹmu díẹ̀ wá, torí wọ́n mọ̀ pé adẹ́mu ni bàbá àgbà mi.

Wọ́n kọ́kọ́ fi hàn wá pé afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ gíláàsì ni òbìrí olétí dúdú yẹn. Wọ́n wá kán ẹmu àti methylene blue sí òmíràn. Ní ìlọ́po 400, a rí wọn! Bí a bá to 200 wọn sórí ìlà kan, gbogbo rẹ̀ kò ju mìlímítà kan sí méjì lọ. Èyí tó ti kú yí padà di búlúù. Èyí tó wà láàyè mọ́ gaara, torí ó ń pa àwọ̀ náà rẹ́. Àwọn kan ní kókó kékeré lára, bí ìyá tó pọnmọ.

Ọ̀rẹ́ mi mú ọ̀kan tí a kò fi àwọ̀ sí, a fi Vaseline dí etí gíláàsì rẹ̀ kó má baà gbẹ. Ó ń yà á ní ogún ìṣẹ́jú sí ogún ìṣẹ́jú. Ní ìgbà kẹrin, kókó náà ti fẹ́ẹ̀ tó ìdajì ìyá rẹ̀. Kò sí irú àwòrán yẹn nínú ìwé tí mo jí wò.

Olùkọ́ tún máàkì wa ṣe. Tèmi di òdo, tirẹ̀ di 9. Ó dùn mí, àmọ́ mo sùn dáadáa.

Mo ròyìn fún bàbá àgbà pé ẹmu wọn ń bímọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Èmi ti mọ̀ pé ó wà láàyè. Ohun tó kú, ṣé ó ń hó ni?"